Ara ò fi bẹ́ẹ̀ le, ayé dùn. Ara le, ayé ò dùn: èwo ni ká gbà gbọ́?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń fa àríyànjiyàn nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa. A fẹ́ bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ní ìbéèrè méjì: báwo ni wọ́n ṣe rí ìlera wọn, báwo sì ni ayé ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn tó. Akápò ní àṣedànù ni, pé ìbéèrè kan ti tó, torí ẹni tí ara rẹ̀ bá le ni ayé ń dùn mọ́. Àmọ́ nígbà tí a dán an wò lọ́dọ̀ àwọn bíi mélòó kan, ẹnì kan tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ fún ayé ara rẹ̀ ní 8 nínú 10. Ẹlòmíì tí gbogbo àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́ tónítóní mú 4. Ta ló ń purọ́ nínú wọn? Báwo la sì ṣe máa béèrè tí a ò fi ní kó pàǹtírí jọ?

———

Òǹkà

Kò sẹ́ni tó purọ́. Nǹkan méjì lẹ bi wọ́n, ìdáhùn méjì ni wọ́n fún yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìlera. Ìbéèrè táwọn olùwádìí ń lò kò gùn: "Lápapọ̀, kí lẹ máa sọ nípa ìlera yín?" Ìdáhùn márùn-ún ló wà níbẹ̀: ó dára jù lọ, ó dára gan-an, ó dára, ó wà bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò dára. Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn, pé dókítà ló mọ̀. Ní 1982, Mossey àti Shapiro gbé ìwádìí kan jáde láti Manitoba ní Kánádà, lórí àwọn àgbà tó lé ní 3,000, ọdún 65 sókè. Àwọn tó ní ìlera àwọn kò dára, ewu ikú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tó ní tàwọn dára jù lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ka ọjọ́ orí àti ohun tó wà nínú ìwé ilé ìwòsàn mọ́ ìṣirò náà. Ní 1997, Idler àti Benyamini kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ 27 jọ, ohun kan náà ló sì hàn nínú èyí tó pọ̀ jù. Ara máa ń mọ ohun tí dókítà kò tíì kọ sílẹ̀: bí aṣọ ṣe ń tóbi mọ́ni, bí oorun ṣe ń rí, bí èémí ṣe ń ṣe tí èèyàn bá gun àtẹ̀gùn.

Ti ayé ńkọ́? Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni àkàbà Hadley Cantril, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1965 ló tẹ èsì rẹ̀ jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó ní orílẹ̀-èdè tó lé ní mẹ́wàá. Nàìjíríà, Brazil àti Cuba wà nínú wọn. Àkàbà yìí bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 10. Òkè pátápátá ni ayé tó dára jù tí ẹni náà lérò pé òun lè ní, ìsàlẹ̀ ni èyí tó burú jù. Níbo lẹ dúró sí báyìí? Gallup, ilé iṣẹ́ tó ń wádìí èrò aráàlú, ṣì ń gbé e káàkiri ayé dòní.

Tí a bá wá gbé méjèèjì síra, wọ́n ń rìn pọ̀, àmọ́ wọn kì í ṣe ìbejì. Nọ́ńbà kan wà tí a fi ń wọn bí nǹkan méjì ṣe ń rìn pọ̀: 0 túmọ̀ sí pé kálukú ń ba tirẹ̀ lọ, 1 túmọ̀ sí pé wọ́n jọ ń lọ jọ ń bọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí ilẹ̀ Amẹ́ríkà jọ ní 1984, ìlera àti ìtẹ́lọ́rùn wà ní nǹkan bíi 0.3. Ẹ fi 0.3 yẹn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ó rí 0.09. Ìyẹn ni pé tí a bá ní kí ló dé tí ayé fi tẹ́ ẹnì kan lọ́rùn ju ẹnì kejì lọ, ìlera lè dáhùn bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyókù ń bẹ níbòmíì. Tó bá sì jẹ́ dókítà ló fún wọn ní máàkì ìlera dípò àwọn fúnra wọn, iye yẹn tún ń rẹlẹ̀ sí i.

Ẹ sọ fún akápò pé ìbéèrè kan kò tó.

———

Nọ́ọ̀sì Ìgboro

Mi ò bá Òǹkà jà lórí iye. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ yẹn tán kó wá ní "mo mọ̀ pé ara mi le, kí ni mo ń wá lọ síbi àyẹ̀wò?" Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. Àìmọye èèyàn ló fi ẹ̀fọ́rí ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀: tí orí ò bá fọ́ wọn, oògùn ò kàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ga tó 180/110 lè wà lára ẹni tó ń jó lóde ìnáwó.

Tí ẹgbẹ́ bá máa wọ̀n ọ́n, ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Kí ẹni náà kọ́kọ́ lọ tọ̀. Kó jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kó má gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Kò gbọ́dọ̀ ti mu kọfí tàbí sìgá láàárín 30 ìṣẹ́jú tó ṣáájú. Apá wà lórí tábìlì, kó dọ́gba pẹ̀lú ọkàn. Kó má sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin náà má sì bá a sọ̀rọ̀. Níbi ìpàdé, èyí ló ń ṣòro jù. Lẹ́ẹ̀mejì ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín wọn, kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Tí ọ̀já ẹ̀rọ náà bá kéré fún apá tó tóbi, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má wé e lé orí aṣọ. Tó bá jẹ́ 140/90 sókè, kí ẹni náà lọ tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn nílé ìwòsàn kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn ẹgbẹ́ máa ń ṣe lódì. Wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ tán, wọ́n á wá bèèrè pé "báwo lẹ ṣe rí ìlera yín?" Nọ́ńbà tí ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ló máa fi dáhùn. Ní 1978, ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin ní Kánádà tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru: lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́, ọjọ́ tí wọ́n ń pa iṣẹ́ jẹ nítorí àìsàn lọ sókè gan-an. Àìsàn náà ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀, àṣé wọn ò mọ̀ ni. Nítorí náà, ìbéèrè lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rọ lẹ́yìn.

———

Ajíṣọ̀rọ̀

Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yìí ò le rárá. Owó ni! Ẹ fún àgbà lówó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lásìkò, kí ẹ wá wo bí ara ṣe máa le, bí ayé ṣe máa dùn. Manitoba ò kàn wá níbí.

———

Òǹkà

Owó wà níbẹ̀, n ò jiyàn. Owó ìfẹ̀yìntì tí kò dé ni oògùn tí wọn ò rí rà. Àmọ́ ẹ kò ní láti lọ sí Manitoba. Láàárín 2003 sí 2004, Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ bá àwọn àgbà 2,152 tí wọ́n ti pé ọdún 65 sókè sọ̀rọ̀ nílé wọn, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Kwara àti Kogi náà wà ńbẹ̀. Wọ́n bi wọ́n nípa ìgbé ayé wọn, àìsàn wọn, ohun ìní wọn, ẹbí àti àdúgbò.

Ohun ìní kó ipa tirẹ̀. Ní ti ìlera, nǹkan méjì ló wúwo jù: kí èèyàn má lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ mọ́, àti kí òun fúnra rẹ̀ sọ pé ìlera òun kò dára. Ní ti àjọṣe ẹ̀dá, kíkópa nínú nǹkan àdúgbò ló dúró ṣinṣin jù. Ẹ fi èyí wo ẹni yín tó ní àìsàn méjì tó mú 8. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, ó ń lọ sọ́jà, ó ń lọ síbi ìsìn, wọ́n sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nípàdé. Àìsàn wà lára rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò tíì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

———

Nọ́ọ̀sì Ìgboro

Ibi tí mo ń retí kí ọ̀rọ̀ dé gan-an nìyí. Tí ẹ bá bèèrè pé "àìsàn wo lẹ ní?", ẹ ó kọ ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, làkúrègbé. Ohun tó ń sọ èèyàn di ẹni tó jókòó sílé ò ní sí nínú ìwé yín.

Ẹ wo gbọ̀ngàn ìpàdé yín fúnra rẹ̀. Ṣé àga oníke tí kò lápá ló wà níbẹ̀? Ẹni tí orúnkún ń dùn á lè jókòó sórí rẹ̀, dídìde ni ogun. Kò níbi tó máa di mú, kò sì lè fi ẹsẹ̀ nìkan gbéra. Tí ọ̀dọ́ méjì bá ti fà á dìde lójú gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò ní rí i níbẹ̀ mọ́, á ní òun ń lọ sóde ìsìnkú. Ẹ wá àga tó lápá méjèèjì, tí ìjókòó rẹ̀ ga tó bíi 45 sí 50 sẹ̀ǹtímítà, ẹ gbé e sí ìparí ìlà kó má baà máa fo ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀.

Ìtọ̀ tó ń jò ni èkejì, ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ jáde. Obìnrin tó ti bímọ púpọ̀, tó bá wúkọ́ tàbí tó bá rẹ́rìn-ín, ó máa jò díẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni kó má mu omi láti àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé. Ìtọ̀ á wá ki, á máa ta àpò ìtọ̀, á tún máa lé e lọ sí ilé ìyàgbẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbẹ́ á tún le sí i. Lẹ́yìn náà á máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní wá mọ́. Kó mu omi bó ṣe yẹ. Kó máa fún iṣan ìdí bí ẹni tó ń pa ìtọ̀ àti afẹ́fẹ́ mọ́ra, kó mú un fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 5, kó tú u sílẹ̀ pátápátá, ìgbà 8 sí 12, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kó tó oṣù mẹ́ta kó tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ohun táwọn kan ń ṣe lódì ni pé wọ́n ń ṣe é nígbà tí wọ́n bá ń tọ̀ lọ́wọ́, tàbí wọ́n ń há èémí mọ́ra tí wọ́n sì ń ti ikùn sísàlẹ̀ dípò kí wọ́n fà á sókè. Kí wọ́n yẹ ṣúgà wò pẹ̀lú, kí wọ́n sì wò bóyá kòkòrò wà nínú ìtọ̀. Tó bá jẹ́ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń múni tọ̀ ló ń lò, kó bi dókítà rẹ̀ nípa wákàtí tó yẹ kó máa lò ó, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀.

Etí ni ẹ̀kẹta. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹni tí etí rẹ̀ ti ń wúwo kò lè yọ ohùn èèyàn kúrò nínú ariwo yẹn. Á máa mi orí, á máa rẹ́rìn-ín nígbà táwọn tó kù bá rẹ́rìn-ín, nígbà tó bá yá á ní ìpàdé ò kan òun.

Fún ìwé yín, ẹ lo nǹkan mẹ́fà tí Katz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tò láti 1963: ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀, lílọ sí ilé ìyàgbẹ́, dídìde láti orí ibùsùn tàbí àga, dídá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró, oúnjẹ jíjẹ. Ẹ bèèrè bóyá ó ń dá a ṣe tàbí wọ́n ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ fi ọjà lílọ, wíwọ ọkọ̀ àti fóònù pípè kún un.

———

Ará Òkè Òkun

Ẹ jọ̀ọ́ kí n dá sí i. Ṣebí wọ́n ti ṣe é rí ní Amẹ́ríkà níbí, tí wọ́n rí i pé ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, inú wọn dùn bákan náà? Ohun gbogbo ni èèyàn ń mọ́ lára.

———

Òǹkà

Gbogbo èèyàn ń sọ ìtàn yẹn, díẹ̀ ló ka ìwé náà. Ọdún 1978 ni, Brickman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó jẹ tẹ́tẹ́ jẹ́ 22, àwọn tí ìjàǹbá sọ di arọ jẹ́ 29, àwọn 22 mìíràn sì wà tí wọ́n fi ṣe ìfiwéra. Lórí òṣùwọ̀n 0 sí 5, ayọ̀ àwọn tó jẹ tẹ́tẹ́ jẹ́ 4.00, ti àwọn ìfiwéra jẹ́ 3.82, ti àwọn arọ jẹ́ 2.96. Ìyẹn ò jọ bákan náà lójú mi. Òótọ́ ni pé kò lọ sílẹ̀ tó bí aráyé ṣe rò, ìyẹn sì ni ohun tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu.

Ní 2007, Lucas lo àkójọ ìbéèrè ọlọ́dọọdún ti Jámánì àti ti Bìrìtìkó, níbi tí wọ́n ti ń bi àwọn èèyàn kan náà léraléra. Ìtẹ́lọ́rùn àwọn tó di aláàbọ̀ ara já wálẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì padà sípò lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Nígbà kan náà, Albrecht àti Devlieger ní 1999 bá àwọn aláàbọ̀ ara 153 sọ̀rọ̀, 54.3% nínú àwọn tí tiwọn le díẹ̀ tàbí tó le gan-an ní ìgbé ayé àwọn dára tàbí ó dára gan-an. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́. Èèyàn lè rẹlẹ̀ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ kó ṣì wà níbi tó dára. Èyí tí kì í tètè mọ́ni lára ni ìrora tí kò dáwọ́ dúró àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

———

Nọ́ọ̀sì Ìgboro

Ìyẹn ló mú wa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú 4. Gbogbo ènìyàn ti kọjá lára rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Tí ẹni tí àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́ bá ń sọ pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú orí, pé àyà òun ń já, tó sì ń lọ ṣe àyẹ̀wò ibà àti táífọ́ọ̀dù léraléra, ẹ má sọ fún un pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sábà máa ń gba ara jáde lọ́dọ̀ wa. Ìwé ìbéèrè PHQ-9 wà fún un: ìbéèrè mẹ́sàn-án lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, 0 sí 3 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 27. Oorun, oúnjẹ, agbára, bóyá nǹkan tó ń gbádùn tẹ́lẹ̀ ṣì ń wù ú. Ẹni tó bá ní 10 sókè yẹ kó rí dókítà. Ìbéèrè kẹsàn-án jẹ́ nípa èrò ikú. Tí ẹgbẹ́ yín ò bá ní ẹni tó máa tẹ̀ lé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má pín ìwé yìí, ẹ fi lé àwọn oníṣègùn lọ́wọ́.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ń gbà lọ o: àìsàn lè ba ayé jẹ́ mọ́ni lójú, ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì náà lè mú kí èèyàn rí ara tó le bí ara tó ti bàjẹ́.

———

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Èwo la wá máa kọ́kọ́ bèèrè, ayé tàbí ìlera? Nígbà tí a bi àwọn kan pé "ṣé ara le?", "a dúpẹ́" ni gbogbo wọn ń sọ.

———

Òǹkà

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ti ayé. Ìdánwò kan wà ní 1988 pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Illinois ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá inú wọn dùn sí ayé, kí wọ́n tó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde pẹ̀lú ọ̀rẹ́kùnrin tàbí ọ̀rẹ́bìnrin tó, nọ́ńbà ìrìnpọ̀ jẹ́ -0.12, kò jìnnà sí 0, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí i padà, ó fò lọ sí 0.66. Tí ẹ bá kọ́kọ́ mẹ́nu kan àìsàn, orúnkún lèèyàn máa fi díwọ̀n gbogbo ayé rẹ̀. Nítorí náà: àkàbà, lẹ́yìn náà ìlera, lẹ́yìn náà iṣẹ́ òòjọ́ mẹ́fà, ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru ló kẹ́yìn.

Ní ti "a dúpẹ́", ìkíni lẹ kí wọn, ìkíni ni wọ́n fi dá yín lóhùn. Ẹ ya àkàbà náà gàdàgbà sórí páálí, ẹ kọ 0 dé 10 sí i, kí ẹni náà fi ìka tọ́ka. Ẹ ka ìdáhùn márààrún ìlera sókè kó tó mú ọ̀kan. Níkọ̀kọ̀ ni kí ẹ ti ṣe é. Bí ọmọ tàbí aya bá jókòó tì í, máàkì á gòkè. Ọmọ ò sì gbọ́dọ̀ bá bàbá rẹ̀ dáhùn ìbéèrè méjì yìí. Tí àgbà náà ò bá lè dáhùn, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

———

Ajíṣọ̀rọ̀

Tí òjò bá wá rọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Inú gbogbo wọn á bàjẹ́.

———

Òǹkà

Wọ́n ti bèèrè ìyẹn náà. Ìwádìí kékeré kan ní 1983 ní ojú ọjọ́ máa ń yí ìdáhùn padà. Ní 2013 wọ́n yẹ ti àwọn ará Amẹ́ríkà tó lé ní mílíọ̀nù kan wò, wọn ò rí nǹkan gidi kan. Ohun tí òjò máa ṣe fún yín ni pé àwọn tí orúnkún ń dùn ò ní jáde wá. Ẹ ó wá rí i pé ìlera ẹgbẹ́ dára púpọ̀, torí àwọn tí kò yá kò sí níbẹ̀. Ẹ mú ìwé orúkọ, ẹ lọ bá àwọn tí ẹ kò rí nílé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ má sì fi èsì yín wé ti ẹgbẹ́ àdúgbò kejì. Amartya Sen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Íńdíà, ti tọ́ka sí èyí ní 2002 pẹ̀lú ìpínlẹ̀ méjì ní Íńdíà: àwọn ará Kerala ń pẹ́ láyé ju ará Bihar lọ dáadáa, síbẹ̀ àwọn ará Kerala ló ń ròyìn àìsàn jù. Ẹni tó kàwé, tí ilé ìwòsàn sún mọ́, mọ ohun tó ń ṣe é, ó sì ń sọ ọ́. Ẹ fi èsì yín wé èsì yín ti tẹ́lẹ̀ ni, ní oṣù mẹ́fà sí i, ìbéèrè kan náà, ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan náà.

———

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Akápò ti gbà, ó ní òun máa ra páálí. Ó tún ní ọ̀dọ̀ òun ni kí ìwé náà wà, torí òun ló ní dúróà tó ń tì.

———

Nọ́ọ̀sì Ìgboro

Rárá o. Akápò ló ń gba owó ẹgbẹ́. Ẹni tó bá jẹ ẹgbẹ́ lówó kò ní fẹ́ kó rí ibi tí òun ti kọ ọ́ pé ìtọ̀ òun ń jò. Ẹ fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ lórí ìwé, kí ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì tí kò sí nínú ìgbìmọ̀. Kí akápò fi owó páálí kún owó àga, àga mẹ́fà tó lápá ni kó kọ́kọ́ rà.